Gold Coast Highway: Ọ̀nà Etíkun Tí Orúkọ Rẹ̀ Ń Ṣi Èèyàn Lọ́nà

"Gánà wo ló tún ń lọ?" Bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe dá mi lóhùn lórí WhatsApp nìyẹn nígbà tí mo sọ fún un pé àbúrò mi ti gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì sí Gold Coast Highway. Mi ò bá a wí. Ẹni tí bàbá ìyá rẹ̀ bá fi ìgbà èwe ṣòwò ní Kùmásí kò lè gbọ́ Gold Coast kó má rántí Gánà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń sọ yìí ò sí ní Áfíríkà rárá. Ìpínlẹ̀ Queensland lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà ló wà, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 39, òun ló sì so àwọn àdúgbò etíkun ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ṣe fàájì.

Orúkọ Gold Coast nìkan kọ́ ló ń da orí èèyàn rú. Wọ́n pè é ní highway, kì í sì í ṣe ọ̀nà eré. Wọ́n ní ó wà létí òkun, síbẹ̀ ẹ lè wakọ̀ lórí rẹ̀ fún ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ má fi bẹ́ẹ̀ rí omi. Àdúgbò kan wà lójú ọ̀nà náà tó ń jẹ́ Miami, òmíràn ń jẹ́ Palm Beach, ìkankan nínú wọn ò sì sí ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá wá dé ìpẹ̀kun rẹ̀ ní gúúsù, ẹ óò bá ibi tí aago ti yàtọ̀ sí ara wọn ní ọ̀tún àti òsì òpópónà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti orúkọ kúrò lọ́nà ná, torí òun ló rọrùn jù. Kò sí góòlù kankan nínú iyanrìn ibẹ̀. South Coast ni wọ́n ń pe agbègbè náà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó wà ní gúúsù Brisbane, olú-ìlú Queensland. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni owó ilẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè bí ẹyẹ, àwọn alágbàtà ilẹ̀ rọ́ dé, ni àwọn oníwèé ìròyìn bá sọ ibẹ̀ ní Gold Coast. Wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni: ẹ wo iyanrìn lásán tí wọ́n ń tà bíi wúrà! Ẹ̀fẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ní 1958, ìgbìmọ̀ ìlú náà gbà á gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn, nígbà tó sì di 1959, wọ́n kéde ibẹ̀ ní ìlú ńlá. Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ṣe kòńgẹ́: March 6, 1957 ni Gold Coast ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba òmìnira, tó bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀ tó di Gánà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará Queensland gbé orúkọ náà wọ̀. Kò sẹ́ni tó gba tẹnì kan.

Àwọn tó ń tẹ̀ lé eré ìdárayá láàárín wa ti gbọ́ orúkọ ìlú náà ní April 2018, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje Commonwealth Games níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọdúnayọ̀ Adékúoróyè ti gba wúrà nínú ìjàkadì, ibẹ̀ náà ni Aruna Quadri ti gba fàdákà nínú eré ẹyin orí tábìlì. Wúrà ní Gold Coast. Àwọn akọ̀ròyìn ò kúkú wá àkọlé jìnnà.

Ó ku ọ̀rọ̀ highway, òun ló sì ń kó àlejò sí wàhálà. Ọ̀pọ̀ wa, tá a bá ti gbọ́ highway, ọ̀nà márosẹ̀ ló ń wá sí wa lọ́kàn: títì gbọọrọ, kò sí iná adarí ọkọ̀, ẹni tó bá fẹ́ sáré á sáré. Ní Queensland, motorway ni wọ́n ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Èyí tó gba Gold Coast kọjá ni Pacific Motorway, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí M1. Ó wà nínú lọ́hùn-ún, ó fi kìlómítà díẹ̀ jìnnà sí òkun, àárín 100 sí 110 kìlómítà ní wákàtí kan sì ni ọkọ̀ máa ń sá níbẹ̀ tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ kò bá sí. Gold Coast Highway ní tirẹ̀ ń rìn létí òkun, iná adarí ọkọ̀ sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ilé ìwé wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà, ẹnu géètì àwọn ilé kan já sí i tààrà. Níbi púpọ̀, 60 ni òfin ní kí awakọ̀ má kọjá.

Ẹ fojú inú wò ó báyìí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ọmọ bíi ọdún méjìlá kan dúró létí títì láìwọ bàtà, ó gbé pátákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì sí abíyá, omi òkun ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lára òpó. Iná pọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì, takisí, gbogbo wọn dúró wòó títí ọmọ náà fi rọra gba àárín wọn kọjá lọ jẹun sílé. Highway tí à ń sọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sáré kó gba M1 lọ. Owó ibodè ò sí lórí ìkankan nínú ọ̀nà méjèèjì láàárín Gold Coast.

Kí ló dé tí wọ́n wá ń pe títì àárín ìlú ní highway? Ìtàn ló fà á. Láyé àtijọ́, ọ̀nà tó lọ láti Sydney sí Brisbane, tó ń jẹ́ Pacific Highway, àárín àwọn ìlú etíkun wọ̀nyí ló gbà. Ẹni tó ń kó ẹrù lọ sí ìlú òkèèrè àti ẹni tó fẹ́ lọ ra yìnyín dídùn létí òkun, títì kan náà ni wọ́n jọ ń gùn. Nígbà tí èrò pọ̀ ju ohun tí títì lè gbà lọ, ìjọba fa ọ̀nà tuntun sínú lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀, apá kan lẹ́yìn òmíràn. Apá ńlá tó kẹ́yìn ní gúúsù, Tugun Bypass, ṣí ní 2008, ó sì gba inú ihò kan lábẹ́ ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú kọjá. Bí wọ́n ṣe ń kó àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn lọ sórí M1 nìyẹn, tí ọ̀nà àtijọ́ kù sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò àti àwọn àlejò. Iṣẹ́ rẹ̀ yí padà, oyè highway sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀gá iléèwé fẹ̀yìn tì tí gbogbo àdúgbò ò yéé pè é ní ọ̀gá.

Ohun kan ṣì kù nínú oyè náà tí kì í ṣe orúkọ lásán o. Títì yìí kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ ìlú Gold Coast. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Queensland ni. Àwọn òpópónà kéékèèké tó já sí i ni ìgbìmọ̀ ìlú ń tọ́jú. Nítorí náà, tí kòtò bá wà lórí Highway, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ dín ojú ọ̀nà rẹ̀ kù, Brisbane ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yanjú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ tram, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín títì, ẹ óò rí ìdí tí ìjà fi pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká wá gun ọ̀nà náà láti gúúsù. Ẹni tó bá bàlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Gold Coast, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Coolangatta, bó bá ti jáde, ojú Highway ló bọ́ sí yẹn. Surfers Paradise tí orí gbogbo káàdì ìkíni máa ń gbé àwòrán rẹ̀ ṣì fi ohun tó lé ní 20 kìlómítà jìnnà. Bilinga àti Tugun ni ẹ óò kọ́kọ́ kọjá, àdúgbò jẹ́jẹ́, ilé àjà kan àti àjà méjì. Currumbin ló kàn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Alex Griffiths, ó ń sin oyin, ó sì ń gbin òdòdó. Àwọn odídẹ́rẹ́ aláwọ̀ òṣùmàrè tí wọ́n ń pè ní lorikeet ń ba òdòdó rẹ̀ jẹ́. Dípò kó kẹ́ pàkúté, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oúnjẹ níbì kan lọ́tọ̀ ní 1947 kí wọ́n lè fi òdòdó rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ dé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ni àwọn arìnrìn-àjò bá ń yà wá wòran. Ọgbà ẹranko Currumbin tó wà níbẹ̀ dòní, inú ọ̀rọ̀ odídẹ́rẹ́ àti òdòdó yẹn ló ti jáde.

Lẹ́yìn Currumbin ni Palm Beach, lẹ́yìn náà ẹ óò kọjá odò Tallebudgera sí Burleigh Heads, níbi tí òkè kan ti yọrí sínú òkun. Miami, Mermaid Beach, Broadbeach ló tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ ni ilé ń ga sí i. Nígbà tí ẹ bá dé Surfers Paradise, ọrùn lẹ óò máa gbé sókè. Ilé gogoro Q1 tí wọ́n parí ní 2005 wà níbẹ̀, gíga rẹ̀ ju mítà 322 lọ, fún ọdún mélòó kan sì ni kò fi sí ilé gbígbé tó ga tó o láyé.

Ẹni tó bá rí Surfers Paradise lónìí kò lè mọ̀ pé títì ló bí i. Elston lorúkọ ibẹ̀, iyanrìn àti igbó ló sì pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí afárá Jubilee láti Southport ní 1925, odò Nerang ló pààlà sáàárín ibẹ̀ àti ibi tí èrò wà. Ọdún yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jim Cavill kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan síbẹ̀, ó pè é ní Surfers Paradise. Nígbà tó di 1933, wọ́n gbé orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wọ àdúgbò. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ò sì fìgbà kan sinmi àrékérekè tó ń fa oníbàárà. Ní 1965, nígbà tí mítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń sanwó ìgbọ́kọ̀sí sí, ń lé àlejò sá, wọ́n gba àwọn omidan tó wọ aṣọ ìwẹ̀ aláwọ̀ wúrà, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kiri títì, kí wọ́n máa ju owó wẹ́wẹ́ sínú mítà tí àkókò rẹ̀ ti tán, kí wọ́n má baà kọ ìwé ìtanràn fún àlejò.

Ẹ óò ti ṣàkíyèsí pé mi ò tíì sọ pé ẹ rí òkun. Ìdí ni pé Highway kì í sábà wà ní bèbè omi. Ní ibi púpọ̀, ilé, òtẹ́ẹ̀lì àti òpópónà kan tàbí méjì ló wà láàárín rẹ̀ àti iyanrìn. Ohun tí ẹ óò máa rí ni àwọn ojú pópó kúkúrú tó yà sí ọwọ́ ìlà-oòrùn. Tẹ́ ẹ bá wo inú wọn nígbà tí iná bá dá yín dúró, ẹ óò rí ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìpẹ̀kun, iná á tún tàn, ìlà náà á pòórá. Àyàfi ní Narrowneck, láàárín Surfers Paradise àti Main Beach, níbi tí ilẹ̀ ti tín-ínrín débi pé odò Nerang wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, títì sì há sáàárín wọn. Lẹ́yìn Main Beach, ẹ óò gun afárá sí Southport, ẹ óò kọjá Labrador, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà á kẹ̀yìn sí omi pátápátá, tí á yà sínú lọ́hùn-ún lọ pàdé M1 ní apá Helensvale. Ẹni tó ń lọ sí Dreamworld tàbí Movie World kò ní ohunkóhun ṣe létí òkun o. Ẹ̀bá M1 ni àwọn ibi ìgbafẹ́ wọ̀nyẹn wà.

Ọ̀rọ̀ tram wá kàn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìlú yìí ti ní ọkọ̀ ojú irin tẹ́lẹ̀. Réluwé ti ń ná Brisbane sí Southport láti 1889, ó sì dé Tweed Heads lójú ààlà ìpínlẹ̀ New South Wales ní 1903. Nígbà tí mọ́tò wá gbòde, tí gbogbo ìdílé fẹ́ wakọ̀ tiwọn lọ sí etíkun, wọ́n ní réluwé ò pawó mọ́. Wọ́n pa ti Tweed Heads ní 1961, wọ́n pa ti Southport ní 1964, wọ́n hú irin rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Highway kún fún mọ́tò tí kò lè rìn. Réluwé padà dé ní 1996, ṣùgbọ́n Helensvale, Robina àti àwọn ibòmíràn nínú lọ́hùn-ún ló gbà lọ. Etíkun ò rí i.

Tram tí wọ́n ń pè ní G:link ni wọ́n fi dí àlàfo yẹn. Ọkọ̀ ojú irin ni, iná mànàmáná ló ń lò, àárín títì ló sì ń rìn. Apá àkọ́kọ́, kìlómítà 13 láti ilé ìwòsàn yunifásítì sí gúúsù Broadbeach, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2014. Apá kejì já sí ibùdó réluwé Helensvale ní December 2017, oṣù mẹ́rin kí ìdíje Commonwealth tó bẹ̀rẹ̀. Apá kẹta, kìlómítà 6.7, ni ti Burleigh Heads, orí Highway gan-an ni wọ́n tẹ́ irin rẹ̀ sí. Nínú tram náà, ẹ óò rí ibi tí wọ́n ṣe fún kíkó pátákó ìgùn-ìgbì sí, tí wọ́n to pátákó ibẹ̀ ní òòró bí ìgbà tí aláṣọ bá to aṣọ.

Àlejò máa ń ṣi ọ̀nà ìsanwó gbé. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rọ tẹ́ ẹ óò fi káàdì kàn wà. Ti tram kò sí nínú ọkọ̀. Orí pèpéle ibùdó ló wà, ẹ gbọ́dọ̀ fi káàdì kàn án kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ sì tún fi kàn án lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá kó wọnú tram tán tó wá ń wá ẹ̀rọ kiri ti pẹ́ jù. Iye owó rẹ̀ náà kò tó nǹkan: láti August 2024, sẹ́ǹtì 50 owó Ọsirélíà ni ìrìn kan lórí bọ́ọ̀sì, tram àti réluwé ìjọba káàkiri Queensland, ibi yòówù kẹ́ ẹ máa lọ. Ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n sì sọ ọ́ di àṣà.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ lórí apá kẹrin. Ètò ni pé kí tram máa lọ láti Burleigh Heads gba Palm Beach àti Currumbin títí dé pápákọ̀ òfurufú, nǹkan bíi kìlómítà 13. Àwọn tó fẹ́ ẹ ní, báwo lẹ ṣe máa ní ọkọ̀ ojú irin nínú ìlú arìnrìn-àjò kó má dé ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ̀ kalẹ̀? Àwọn tí kò fẹ́ ẹ, pàápàá ní Palm Beach, ní tram máa gba ojú ọ̀nà mọ́tò, á gba ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé gogoro á sì tẹ̀ lé e wá bó ṣe tẹ̀ lé e ní ibòmíràn. Ní 2025 ìjọba ìpínlẹ̀ lábẹ́ David Crisafulli kéde pé àwọn ò ṣe apá kẹrin mọ́. Lójú tèmi, ohun tó wà nídìí ìjà náà ni pé àwọn méjèèjì ò wo títì kan náà. Ẹni tó ń wo Highway bí ọ̀nà tó so pápákọ̀ òfurufú mọ́ Surfers Paradise ń wo kìlómítà 39. Ẹni tó ń gbé ní Palm Beach ń wo iwájú ilé rẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí nípa ohun tó yẹ kó máa ba gbogbo wọn lẹ́rù, iyanrìn ni màá sọ. Orí iyanrìn ni gbogbo ilé àti títì tí mo kà sílẹ̀ yìí jókòó lé, iyanrìn etíkun yẹn kì í sì í dúró sójú kan. Ìgbì ibẹ̀ sábà máa ń ti gúúsù-ìlà-oòrùn wá, kì í sì í dojú kọ etíkun tààrà. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ lù ú. Nígbà tó bá gun òkè, á gbé iyanrìn rìn díẹ̀ sí ìhà àríwá. Nígbà tó bá ń padà, tààrà ló ń ṣàn wálẹ̀. Ìgbì kan gbé e síwájú díẹ̀, òmíràn tún gbé e díẹ̀. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárín ọdún kan, iyanrìn tó ń kọjá lọ sí àríwá tó nǹkan bíi 500,000 mítà oníhà mẹ́ta. Ká ní ọkọ̀ típà kan ń kó mẹ́wàá, típà 50,000 nìyẹn.

Kò sí wàhálà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí iyanrìn tuntun bá ń ti gúúsù wá rọ́pò èyí tó lọ. Ẹnu odò Tweed, lójú ààlà, ni nǹkan ti dojú rú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 wọ́n fa ògiri òkúta gùn sínú òkun níbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé láìfarapa. Ògiri náà dá iyanrìn dúró. Ó gbá jọ sí gúúsù, àwọn etíkun Coolangatta àti Kirra lápá àríwá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Nígbà tí ìjì líle lóríṣiríṣi wá ń tẹ̀ léra wọn ní 1967, òkun jẹ etíkun Gold Coast débi tó fi ń kan ilé èèyàn.

Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń bá òkun dọ́gbọ́n. Wọ́n to àpáta ńláńlá sí ìlà kan ní gbogbo etíkun náà, wọ́n sì da iyanrìn bò ó. Ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó dojú kọ òkun gbọ́dọ̀ rí sí i pé ògiri àpáta náà wà níwájú tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń na ara sí oòrùn níbẹ̀ kò mọ̀ pé àpáta ló wà lábẹ́ aṣọ tí wọ́n tẹ́. Láti 1986, nígbà tí wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà omi tuntun tí wọ́n ń pè ní Seaway sí apá àríwá, ẹ̀rọ ń fa iyanrìn gba páìpù abẹ́ omi kọjá kó má baà dí i. Ní 2001 wọ́n gbé irú rẹ̀ sí ẹnu odò Tweed náà: ẹ̀rọ ń fa iyanrìn ní gúúsù, páìpù ń gbé e gba abẹ́ odò, ó ń tú u dà sí apá Queensland.

Iyanrìn wá pọ̀ jù! Etíkun Kirra fẹ̀ débi pé ó di ìrìn gidi kí èèyàn tó kan omi, ìgbì Kirra tí àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ kárí ayé sì bà jẹ́, wọ́n fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ìgbì tuntun tó gùn rọ̀rọ̀ kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láti Snapper Rocks, wọ́n ń pè é ní Superbank. Àwọn kan ṣì ní ti àtijọ́ làwọn ń fẹ́. Òkun náà kò sì tíì jáwọ́. Ní March 2025, ìjì líle tí wọ́n ń pè ní Alfred gbá iyanrìn lọ ní alẹ́ mélòó kan débi pé etíkun já wálẹ̀ bí ògiri tó ga ju èèyàn lọ, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sétí omi kò sì ṣeé gbà mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago. Ní Coolangatta, ààlà Queensland àti New South Wales gba àárín ìlú. Tẹ́ ẹ bá rìn kọjá òpópónà tó ń jẹ́ Boundary Street, ẹ ti dé Tweed Heads, ìpínlẹ̀ mìíràn. New South Wales máa ń sún aago síwájú pẹ̀lú wákàtí kan láti Sunday àkọ́kọ́ nínú October títí di Sunday àkọ́kọ́ nínú April. Queensland kì í sún un. Wọ́n dìbò lé e lórí ní 1992, àwọn tí kò fẹ́ ló pọ̀ jù. Nítorí náà, ní oṣù mẹ́fà nínú ọdún, ẹni tó bá ní ìpàdé ní aago mẹ́sàn-án ní Tweed Heads gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní Coolangatta kí aago mẹ́jọ ilé rẹ̀ tó lù. Fóònù pàápàá máa ń dàrú níbẹ̀, ó lè gba àmì ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láti apá kejì kó sì yí aago padà nígbà tẹ́ ẹ wà lórí ibùsùn. Ojú ọ̀nà bàálù pápákọ̀ òfurufú alára gun orí ààlà náà, ṣùgbọ́n aago Queensland ni tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ máa ń tẹ̀ lé, ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣì yín lọ́wọ́. Èyí tó dáa níbẹ̀ ni ti ọdún tuntun: àwọn èèyàn á kí ọdún káàbọ̀ ní Tweed Heads, wọ́n á sọdá títì, wọ́n á dúró de wákàtí kan, wọ́n á tún kí i.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ààlà yẹn jẹ́ ohun ẹ̀rín. Ní 2020 àti 2021, nígbà àrùn Kòrónà, Queensland ti ààlà pa. Wọ́n gbé àwọn ìdènà oníike tí wọ́n ń rọ omi sí nínú dí òpópónà tó jẹ́ pé ọmọ ìyá kan ń gbé ní ọ̀tún, èkejì ń gbé ní òsì. Àwọn èèyàn á gbé àga wá síbẹ̀, wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìdènà náà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, bàbá á na ọwọ́ kọjá orí ike láti di ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Àbúrò mi tí mo mẹ́nu kàn níṣàájú fi àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: nọ́ńbà kan, "Gold Coast Highway". Mo bi í pé àdúgbò wo. Ó ní ṣé kò tó bẹ́ẹ̀ ni? Kò tó. Láàárín kìlómítà 39, ó lè jẹ́ Southport lẹ́bàá omi tó dákẹ́, ó lè jẹ́ Surfers Paradise níbi tí ariwo kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ó lè jẹ́ Bilinga níbi tí bàálù ń gba orí òrùlé kọjá. Ó padà wo ìwé tó fi gba yàrá náà. Miami ni. Ó tún kọ ìbéèrè mìíràn: "Ẹ̀gbọ́n, Miami ti Amẹ́ríkà?"